Ẹni Tí Kì Í Kí Ènìyàn Lójú Títì

Ẹsẹ̀ Adébùnmí kan ti kanlẹ̀, èkejì ṣì wà nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, nígbà tí ó rí Tolúwalọpẹ́ tí ó ń bọ̀ lókèèrè pẹ̀lú oyún níwájú. Ọkùnrin kan ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó bá a gbé àpò rẹ̀ dání. Ibùdókọ̀ Command kún fọ́fọ́ láàárọ̀ yẹn. Oníkẹ̀kẹ́ kan ń pariwo Ìpájà, èkejì ń pariwo Ayọ̀bọ̀, kò sì sí ibi tí ènìyàn lè yà sí. Adébùnmí bọ́ sílẹ̀ tán, ó ṣe ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ọ. Ó gbé ojú kúrò.

Ó kí Charity tí ń bó ọsàn lẹ́bàá títì. Ó kí ọmọ tí Charity pọ̀n. Ọkùnrin tó gbé àpò yẹn yẹ̀ fún un kí ó lè kọjá, Adébùnmí sì wí fún un pé, "Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ ṣeun." Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ré kọjá lórí Tolúwalọpẹ́ bí ẹni pé òpó iná ló dúró síbẹ̀. Tolúwalọpẹ́ náà wolẹ̀.

"Antí, ẹ ò rí aláboyún ni?" Charity bi í, ọ̀bẹ ọsàn lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ Warri ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Ìpájà débi pé ó lè fi Yorùbá bú ènìyàn. "Ẹ̀yin Yorùbá tí ẹ máa ń kí ewúrẹ́ pàápàá. Ẹ kí i now."

Adébùnmí rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun ń kánjú, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ló ti gbọ́ tí Charity ń sọ pé, "Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o, màdáàmù," tí ohùn kékeré kan sì ṣe àmín.

Òṣìṣẹ́ ìlera ni Adébùnmí ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan lọ́nà Ayọ̀bọ̀. Nọ́ọ̀sì ni gbogbo ènìyàn ń pè é, kì í sì í bá wọn jiyàn, nítorí pé bí ó bá ní kí òun ṣàlàyé iṣẹ́ tí òun ń ṣe gan-an, ọ̀rọ̀ lè di ariwo. Àrùn ìbálòpọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá rí àtọ̀sí tàbí sífílíìsì lára ẹnì kan, òun ni yóò bá onítọ̀hún jókòó nínú yàrá kékeré ẹ̀yìn, yóò bi í léèrè ẹni tí wọ́n jọ sùn, yóò sì wá ẹni náà lọ síbi yòówù kó wà, ìbáà jẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ìbáà jẹ́ nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Yóò ní kí ó wá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Kò gbọdọ̀ sọ ẹni tó dárúkọ rẹ̀. Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Iṣẹ́ Adébùnmí ni láti máa wá èyí tí inú ń run, kí àwọn aláǹgbá yòókù má sì mọ̀.

Òfin kan wà nínú iṣẹ́ náà tó le ju ìyókù lọ: ojú títì kì í ṣe ilé ìwòsàn. Bí aláìsàn bá kí ọ níta, dá a lóhùn. Bí kò bá kí ọ, o ò mọ̀ ọ́n rí. Ìdí ni pé bí o bá kí i, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò béèrè pé níbo lẹ ti mọra, ẹni tí kò mọ irọ́ pa yóò sì máa wá irọ́ kiri. Obìnrin kan wà ní Ìgandò tí òṣìṣẹ́ kan kí nídìí ẹ̀rọ omi, tó wá bi í pé ṣé ara ti le báyìí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkọ ti da ẹrù obìnrin náà sójú títì. Adébùnmí wà lára àwọn tó bá a ṣa aṣọ rẹ̀ nílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kò ti fi òfin yìí ṣeré mọ́.

Ṣùgbọ́n báwo ni ọmọ Yorùbá ṣe máa ń gbé ayé láìkí ènìyàn? Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní agbéraga ni. Ní ọdún tó kọjá, ìyá ọkọ rẹ̀ pe Olúgbénga ọmọ rẹ̀ jókòó, ó bi í pé ṣé ibi tí wọn kì í ti í kọ́ ọmọ ní ìkíni ló ti lọ fẹ́yàwó ni. Adébùnmí ń gbọ́ láti ilé ìdáná, ó ń gé ilá. Kí ni ì bá sọ? Pé obìnrin tí mo wò láwòkọjá lọ́jà lọ́jọ́sí, mo mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀? Ó dùn ún gan-an. Ó gé ilá náà títí ó fi pọ̀ ju ọbẹ̀ lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àyẹ̀wò fi sífílíìsì hàn nínú ẹ̀jẹ̀ Tolúwalọpẹ́, lọ́jọ́ tí àwọn aláboyún ń gba ìtọ́jú. Télọ̀ ni, ọmọ Èkìtì, jẹ́jẹ́ ló sì máa ń sọ̀rọ̀. Oyún kẹta rẹ̀ nìyí, ó ti di oṣù méje. Àkọ́kọ́ bàjẹ́. Ó bí èkejì lókùú. Ìjọ wọn ti bá a gbààwẹ̀ títí, wọ́n ní ayé ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí Adébùnmí ṣàlàyé fún un pé àrùn yìí a máa ti ara ìyá wọ ara ọmọ nínú, pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni yóò fi gba abẹ́rẹ́, ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ìgbà tí ó gbọ́ pé bí ọkọ kò bá gbà á pẹ̀lú, àrùn náà yóò tún padà sí òun lára, ló tó bú sẹ́kún.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo kó o wọlé," ó ní. "Ẹnì kan wà ní Adó kí n tó mọ ọkọ mi. Bí Festus bá gbọ́, ó parí. Ẹ bá mi gba ọmọ yìí là, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi lẹ ti ń bọ̀."

Ó gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Ó dárúkọ ọkọ rẹ̀, ó sì dárúkọ ilé ìwé aládàáni tí ọkọ náà ti ń ṣe tíṣà. Adébùnmí ṣèlérí fún un. Òní ni abẹ́rẹ́ kejì, òní náà ni Adébùnmí yóò lọ wá Festus.

Lọ́sàn-án, ó dúró lẹ́nu géètì ilé ìwé náà, ó sọ fún mègáàdì pé òun fẹ́ bá Tíṣà Festus sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀kọ́ ọmọ kan. Iṣẹ́ yìí ti kó irú irọ́ bẹ́ẹ̀ sí i lẹ́nu, àwọn irọ́ kéékèèké tí kì í pa ẹnikẹ́ni lára. Wọ́n ní kí ó dúró lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn kíláàsì. Ó ń to ọ̀rọ̀ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ jọ nínú ọkàn rẹ̀ nígbà tí ọkùnrin kan jáde, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin tó gbé àpò láàárọ̀ ni.

Adébùnmí kò mọ Festus lójú tẹ́lẹ̀. Ó ti rò pé àbúrò Tolúwalọpẹ́ ni ọkùnrin yẹn láàárọ̀, nítorí kò tíì rí ọkọ tó ń gbé àpò ìyàwó ní gbangba Command.

"Ẹ káàsán mà," Festus wí. Ó wò ó dáadáa. "Ẹ̀yin lẹ sọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ láàárọ̀."

"Èmi ni, sà." Ó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ó ṣe máa ń mú un. "Adébùnmí lorúkọ mi. Òṣìṣẹ́ ìlera ni mí. Ohun tí mo bá wá ò kọjá èmi pẹ̀lú yín. Ẹnì kan tí àyẹ̀wò fi àrùn ìbálòpọ̀ hàn lára rẹ̀..."

"Ìyàwó mi ni."

"Mi ò lè sọ ẹni tí í ṣe, sà."

"Mi ò bi yín." Ó ń yí ṣọ́ọ̀kì náà láàárín ìka rẹ̀. "Ẹ kí ọlọ́sàn láàárọ̀. Ẹ kí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ kí èmi tí ẹ ò mọ̀ rí. Ẹ wá kọjá lára aláboyún, ẹ ò sọ pé àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Lọpẹ́ tó máa ń kúnlẹ̀ kí alábàárù náà, ilẹ̀ ló ń wò. Mo bi í pé ṣé ẹ jọ jà ni. Ó ní òun ò mọ̀ yín rí. Àtàárọ̀ ni mo ti ń rò ó, ohun tó lè wà láàárín obìnrin méjì tí wọn ò fi ní lè kíra. Ẹ wá dúró síwájú mi yìí, ẹ ní àrùn."

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Gbogbo ọdún tí Adébùnmí fi ń gbójú kúrò, kò rò ó rí pé ojú tí a gbé kúrò náà ń rojọ́. Kò sọ nǹkan kan láàárọ̀, ohun tí kò sọ náà ló sì tú àṣírí obìnrin náà fún ọkọ rẹ̀. Lójú inú, ó rí aṣọ obìnrin Ìgandò lójú títì, ó wá rí ẹ̀rọ ìránṣọ Tolúwalọpẹ́ lórí rẹ̀.

"Sà," ó ní, "àrùn yìí lè wà lára ènìyàn fún ọdún pípẹ́ kí onítọ̀hún má mọ̀. Kò sí àyẹ̀wò tó lè sọ ẹni tó kọ́kọ́ kó o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí rẹ̀ bá ẹnikẹ́ni jà."

"Èmi mọ ẹni tó kó o," Festus wí.

Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi náà. Ó ní nígbà tí òun kọ́kọ́ wá ṣiṣẹ́ ní Èkó, Tolúwalọpẹ́ ṣì wà ní Adó, òun sì ṣe ìranù pẹ̀lú obìnrin kan. Òun ti lọ sílé bá Tolúwalọpẹ́ fún ọdún Àjíǹde, òun ti padà dé, kí òun tó rí egbò kan lábẹ́. Kò dun òun rárá. Òun lọ sí kẹ́míìsì kan ní ibùdókọ̀ Pleasure, ọlọ́kẹ́míìsì fún òun ní abẹ́rẹ́, ó ní ó ti tán.

"Mo gbà á gbọ́," ó ní. "Mi ò sọ fún Lọpẹ́. Ojú ń tì mí. Oyún àkọ́kọ́ bàjẹ́, mo ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn. Èkejì, obìnrin ni. Irun kún orí rẹ̀. Wọ́n bí i, kò ké. Pásítọ̀ ní ká gbààwẹ̀, mo bá wọn gbà á. Ẹnu mi ń gbàdúrà, ọkàn mi wà ní kẹ́míìsì ní Pleasure."

Adébùnmí dúró síbẹ̀ bí ẹni tí a gbé ẹrù méjì lé lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyàwó ní òun ni. Ọkọ ní òun ni. Inú ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé, wọ́n ń gbààwẹ̀ kan náà, olúkúlùkù ń dá tirẹ̀ gbé. Ọ̀rọ̀ tó lè tú wọn sílẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, kò sì ní àṣẹ láti sọ ọ́. Àánú ọkùnrin náà ṣe é, inú sì tún bí i sí i, nítorí ọmọ tó ní irun lórí.

"Ṣé ó ti gba abẹ́rẹ́?" Festus bi í.

"Mi ò lè dáhùn, sà."

"Ṣé ọmọ inú ṣì lè yè?"

Ìyẹn ní ìdáhùn, kò sì ní orúkọ ẹnikẹ́ni nínú. "Bí ìyá bá gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé lásìkò, tí ọkọ náà gbà á, ọmọ máa ń yè. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà. Bí wọ́n bá tọ́jú ẹnì kan tí wọ́n fi ẹnì kejì sílẹ̀, bí ìgbà tí à ń gbálẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń dà á padà ni."

"Bí mo bá wá sọ fún un pé èmi ni, ṣé á dúró tì mí?"

"Mi ò mọ̀," Adébùnmí wí. Òótọ́ ni. Kò mọ̀.

Agogo ilé ìwé dún. Festus dìde, ó gbọn ìdí ṣòkòtò rẹ̀, ó ní ẹ ṣeun mà, bí ẹni tí a kọ́ nílé dáadáa. Kò sọ pé òun ń bọ̀, kò sọ pé òun ò wá.

Ní ilé ìwòsàn, Adébùnmí sọ gbogbo rẹ̀ fún Àlàájà Mardiyah, olórí àwọn nọ́ọ̀sì. Àlàájà ń ka àpótí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, kò gbójú sókè.

"Ta ló kọ́ ọ pé kí o kí ọkọ kí o fo ìyàwó dá?" ó ní. "Bí o ò bá ní kí ẹnì kan, má kí ẹnikẹ́ni jàre. Òfin ò burú. Àbọ̀ òfin lo pa mọ́."

"Mi ò lè kọjá lára gbogbo ènìyàn láàárọ̀ kùtù kí n má kí wọn, mà. Ẹnu mi ò gbà á."

"Mo mọ̀," Àlàájà dáhùn. "Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Jókòó. Lọpẹ́ yẹn ò tíì dé."

Adébùnmí jókòó. Tolúwalọpẹ́ ti ní òun yóò wá kí oòrùn tó mú. Oòrùn mú, ó sì rọ̀. Àwọn tó wá fún abẹ́rẹ́ ọmọ wẹ́wẹ́ lọ tán, obìnrin tó ń nu ilẹ̀ da omi sí gbọ̀ngàn. Adébùnmí pe fóònù Tolúwalọpẹ́. Ó dún títí, kò sí ẹni tó gbé e. Ó tún pè é, ó bá a ní pípa. Ẹ̀rù wá bà á wàyí, ẹ̀rù tòótọ́. Bí abẹ́rẹ́ kejì bá fi pẹ́ jù, wọn yóò tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, oyún oṣù méje kò sì ní àsìkò fún àtúnbẹ̀rẹ̀ lọ títí. Ó fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó dìde, ó tún jókòó. Bí ó bá lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ nísinsìnyí, tí ìjà bá wà nílé, epo ló lọ dà sí iná yẹn.

"Máa lọ ilé," Àlàájà sọ fún un nígbà tí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ń dé. "Màá kírun alásàrí mi níbí kí n tó tilẹ̀kùn. Bó bá dé, mo wà níbí."

Ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí Command, kò wọ kẹ̀kẹ́. Ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́ lọ́nà. Ìkíni kan ṣoṣo. Bí ó bá ti kí obìnrin náà láàárọ̀ bí gbogbo ayé ṣe ń kí aláboyún, Festus kì bá tí fura. Bí kò bá sì ti kí ẹnikẹ́ni, bákan náà ni. Ìwà ọmọlúwàbí tí wọ́n kọ́ ọ nílé àti òfin tí wọ́n kọ́ ọ níbi iṣẹ́, ó ti fẹ́ jẹ́ ti méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó wá di wàhálà sí ẹlòmíràn lọ́rùn.

Charity ṣì wà níbẹ̀, ọsàn ti ku díẹ̀ lórí àtẹ rẹ̀. Adébùnmí fẹ́ sọdá títì nígbà tí ó rí wọn. Wọ́n ń bọ̀ láti ọ̀nà Ìpájà. Festus ló tún gbé àpò. Ojú Tolúwalọpẹ́ wú, ti Festus pọ́n. Àlàfo kan wà láàárín wọn tí kò sí níbẹ̀ láàárọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn dọ́gba, ọkọ ń fa ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nítorí oyún.

Adébùnmí gbójú kúrò. Lọ́tẹ̀ yìí kò kí ẹnikẹ́ni, kò tilẹ̀ kí Charity. Ó tẹjú mọ́ àtẹ bí ẹni tí kò rí ọsàn rí.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n."

Ohùn kékeré yẹn ni. Nígbà tí ó yíjú, Tolúwalọpẹ́ ti ń gbìyànjú láti kúnlẹ̀ pẹ̀lú oyún, Festus di apá rẹ̀ mú kó má ṣubú. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà," Festus náà wí, ó tẹrí ba.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ mọra?" Charity dá ọ̀bẹ rẹ̀ dúró lára ọsàn. "Láàárọ̀ ńkọ́?"

Adébùnmí kọ́ ló ni ìdáhùn yẹn. Ó wo Tolúwalọpẹ́.

"Ẹni wa ni," Tolúwalọpẹ́ wí. Ó mí kanlẹ̀. "Àwọn ló ń tọ́jú wa. Àwa méjèèjì."

Charity wo ọ̀kan, ó wo èkejì, ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ju ti ọlọ́sàn lọ. Ó ń bó ọsàn rẹ̀ lọ.

"Ọ̀dọ̀ yín là ń bọ̀," Festus sọ fún Adébùnmí. "A mọ̀ pé ó ti pẹ́. Ọ̀rọ̀ ló pọ̀ nílẹ̀ ká tó lè jáde."

Ó wu Adébùnmí kí ó béèrè ẹni tó kọ́kọ́ sọ. Kò béèrè. Ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ láti àárọ̀ ló sọ.

"Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o. A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ."

"Àmín," àwọn méjèèjì dáhùn pọ̀. Tolúwalọpẹ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀.

Ilé ìwòsàn kò jìnnà púpọ̀, Àlàájà yóò ṣì wà lórí ẹní ìkírun rẹ̀. Adébùnmí padà sí ọ̀nà tó gbà wá. Tolúwalọpẹ́ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, Festus bọ́ sí ọwọ́ ibi tí mọ́tò ń gbà. Obìnrin kan tó ń kó aṣọ tó sá sílé kí wọn, wọ́n dáhùn. Bàbá kan tó jókòó sẹ́nu géètì rẹ̀ ní ẹ kú ìrìn o, ìyá ìbejì lágbára Ọlọ́run, Tolúwalọpẹ́ sì fẹ́ rẹ́rìn-ín. Adébùnmí náà dáhùn. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń gba ọ̀nà yìí, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Kò tíì bá aláìsàn kankan rìn ín rí.